Ẹyẹ Tí Bọ̀dá Gbóyè Rán

Nínú ìdílé wa, bí ọ̀rọ̀ ẹranko tí Bọ̀dá Gbóyè, àbúrò bàbá mi, rán bá ti bọ́ sí wọn lẹ́nu, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ọgbọ́n orí rẹ̀ pọ̀, wọ́n á ní ká ní ó rí ìwé kà dé ibi tó yẹ ni, ìbá di dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo ti bímọ, mo ti sin òbí, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mo máa ń dìde kúrò láàárín wọn. Àwọn àbúrò mi ní kí n gbàgbé, pé ọjọ́ ti pẹ́. Òótọ́ ni pé ọjọ́ ti pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, ọwọ́ mi sì wà nínú rẹ̀.

Iléṣà ni ilé wa wà, ilé alámọ̀ tí bàbá bàbá mi kọ́, tí bàbá mi fi sìmẹ́ńtì rẹ́ níwájú kó lè jọ ilé tísà. Ọdún tí mò ń wí yìí, kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, àwọn tísà ń daṣẹ́ sílẹ̀ lemọ́lemọ́, bàbá mi sì máa ń wà nílé lọ́jọ́ tó yẹ kó wà ní kíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Agogo kékeré tí bàbá mi fi ń pe àdúrà ìdílé ló ń jí mi láàárọ̀, kò sì ní tíì dákẹ́ tán tí òòlù Bọ̀dá Gbóyè yóò fi bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, kó, kó, kó, lórí àtẹ́lẹ̀ bàtà. Ìyá mi á máa gbálẹ̀, á máa kọrin sínú. Ọmọ Òṣogbo ni, àwọn ará àdúgbò a sì máa fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, pé obìnrin Tísà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Ṣùgbọ́n ìró kan wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá dúró lèèyàn ń mọ̀ pé ó ti ń dún tẹ́lẹ̀. Òfì Ìyá Ìmẹ̀sí nìyẹn, nínú yàrá ẹ̀yìn tó sún mọ́ ilé ìdáná, bó ṣe ń fi ọ̀pá pẹlẹbẹ gbá òwú mọ́ra láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kúrò nínú yàrá rẹ̀.

Orogún ìyá bàbá mi ni Ìyá Ìmẹ̀sí. Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí Iléṣà, kò sì bímọ. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú, bàbá mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, Bọ̀dá Gbóyè àbúrò rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọmú. Òun ló pọn ọ̀kan sẹ́yìn tó fa èkejì lọ́wọ́. Aṣọ kíjìpá tó ń hun ló fi rán bàbá mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tísà, òun náà ló mú Bọ̀dá Gbóyè lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ àgbà oníṣẹ́ awọ kan, ọ̀gbẹ́ni Mùsùlùmí jẹ́jẹ́, kó lọ kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bí mi, èmi náà bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń ṣa kóró kúrò nínú òwú fún un, mo máa ń pọn omi sínú ìkòkò rẹ̀, òun a sì máa sun iṣu fún mi nínú eérú. Usu ló ń pè é, bí àwọn ará ọ̀dọ̀ wọn. A máa ní, “Usu tí a ń wò kì í jóná,” a ó sì jókòó síbẹ̀, a ó máa wo iṣu. N kò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé oríire ni kí àgbàlagbà kan jókòó tì ọ́, kó máa wo iṣu pẹ̀lú rẹ.

Ọdún yẹn ni bàtà òkìrìkà kún gbogbo ọjà. Bàtà òyìnbó tó ti gbó níbì kan ní òkè òkun wá di tuntun lẹ́sẹ̀ wa, kò sì sí ẹni tó tún ń gbé bàtà wá fún ṣúmẹ́kà. Òòlù abẹ́ igi ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ọ̀gá Bọ̀dá Gbóyè ní Òṣogbo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bó awọ ẹranko láìfa á ya, bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ àti eérú pa á, bí wọ́n ṣe ń kì òwú sí i kó lè dúró bí alààyè, nítorí àwọn ilé ìwé a máa bẹ̀ ẹ́ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá Gbóyè lọ bá àwọn obìnrin tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó ń kó awọ àti orí tí wọn kò fẹ́ bọ̀ wálé. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe, òkété ni, ó rán ìyẹ́ awó mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sí i. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìyá Ìmẹ̀sí pàápàá jáde wá wò ó, ó ní kí Ọlọ́run foríjì í. Bọ̀dá Gbóyè gbé e lọ sí ẹ̀bá títì Ìpetu, níbi tí mọ́tò Àkúrẹ́ ti ń dúró, ó gbé e sínú àpótí onígíláàsì, àwọn èrò ọkọ̀ sì ń san owó díẹ̀ láti wò ó. Ó ní inú igbó ni wọ́n ti pa á, àwọn èèyàn gbà á gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kó bà wá lẹ́rù nìyẹn, bí wọ́n ṣe tètè gbà á gbọ́.

Ojú Bọ̀dá Gbóyè kò ríran dáadáa nítòsí, nítorí náà èmi ni mo ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún un. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, n kò ní purọ́. Nígbà tó dé orí èkejì, ó ra òwìwí kan àti orí ọ̀bọ. Ó fi abẹ fá irun ojú ọ̀bọ náà kúrò títí ó fi jọ ojú arúgbó tí ara rẹ̀ ti hunjọ, ó rán irun ewúrẹ́ funfun sí i látàrí, ó wá so ó mọ́ ọrùn òwìwí. Kò dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n ojú rírán náà hàn lọ́rùn, ó wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ní àkísà tó lè fi bò ó. Mo sáré wọlé, mo mú èyí tí Ìyá Ìmẹ̀sí fún mi láti fi wọ aṣọ fún ọmọláńgidi mi. Kíjìpá aláró ni, tó ní ìlà pupa kan ṣoṣo láàárín. Kò sí ẹlòmíràn tó ń hun irú rẹ̀ ní àdúgbò wa, àwọn obìnrin yòókù ti pa òfì tì. Mo fà á lé e lọ́wọ́. Ó ní mo káre. Mo sì yọ̀.

Nígbà òjò ọdún yẹn, ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ méjì ní òpópónà wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀kan nínú wọn ni Bùnmi, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Kànga tí gbogbo wa ń fà kò jìnnà sí ṣáláńgá, tí òjò bá sì rọ̀, àwọ̀ omi rẹ̀ a máa yí padà. Bàbá mi mọ̀. Ó kọ ọ́ sára pátákó ní kíláàsì wa, pé kí a máa se omi kí a tó mu ún. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wo kànga. Wòlíì kan ti pàgọ́ àdúrà sí etí ìlú, ó sì ń wí fún àwọn èèyàn pé ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Nígbà náà, àwọn tó ní fídíò ti ń fi sinimá àjẹ́ han ọmọdé àti àgbà nínú pálọ̀ wọn, kálukú ti mọ bí ẹyẹ àjẹ́ ṣe rí. Wòlíì yìí kọjá ní Ìpetu, ó rí ẹyẹ òwìwí náà nínú àpótí Bọ̀dá Gbóyè, ó sì rà á lọ. Ọjọ́ tí Bọ̀dá Gbóyè sọ fún bàbá mi, a ń jẹun. Ó ní wòlíì fẹ́ fi dẹ́rù ba àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Bàbá mi jẹ òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó ní, “Má ṣáà jẹ́ kí orúkọ mi wọ̀ ọ́.” Ìyá mi gbójú sókè wò ó. Mo rí i. Lẹ́yìn náà ó ń bu ọbẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni wòlíì náà ṣe ìsọjí lórí pápá ilé ìwé, oòrùn ṣì mú. Mo wà láàárín èrò. Wòlíì ṣí àpótí, ó ní òun ń gbàdúrà lọ́wọ́ ni ẹyẹ yìí já bọ́ láti orí òrùlé kan ní òpópónà wa, pé ojú èèyàn ló wà lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ojú náà kó má bẹ̀rù. Mo mọ gbogbo ojú abẹ́rẹ́ tó wà lára ẹyẹ náà. Àwọn èèyàn ń kọjá níwájú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Màmá Bùnmi, kò wo ojú ọ̀bọ rárá. Ó tẹ orí sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì, ó fi ìka kan àkísà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun mọ aṣọ yìí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí oorun ń kùn. N kò bínú sí Màmá Bùnmi púpọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló kú. Mo ní àwọn mìíràn tí mo lè bínú sí.

Mo sáré délé, mo sọ fún ìyá mi, ìyá mi sì sọ fún bàbá mi. Mo gbọ́ ohùn wọn nínú yàrá. Ìyá mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jáde lọ bá àwọn èèyàn lọ́jọ́ náà, kí Gbóyè tẹ̀lé e, kí wọ́n sọ òtítọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì tutù. Bàbá mi ní bí wọ́n bá gbọ́ pé Gbóyè ló ṣe é, wọ́n á lù ú pa. Ó ní òun jẹ́ bàbá ìjọ, òun jẹ́ tísà, ta ni yóò tún gbé ọmọ fún òun kọ́. Ó ní ariwo náà á lọ. Bọ̀dá Gbóyè jókòó sórí àpótí iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, kò gbé òòlù, kò gbé abẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún Ìyá Ìmẹ̀sí. Òfì rẹ̀ ń dún lọ ní tirẹ̀.

Wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn. Ìyá mi ń gúnyán lọ́wọ́, èmi ń bá a yọ iṣu nínú ìkòkò. Wọ́n kún agbo ilé, àwọn tí a jọ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú, wọn kò tíì pààrọ̀ aṣọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wòlíì méjì gbé àpótí sáàárín, wọ́n sì ní kí ìyá arúgbó jáde. Ó jáde wá, òwú ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó kí wọn, kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá aṣọ rẹ̀ kọ́ nìyí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú àpótí náà, ó fi ọwọ́ pa ọrùn ẹyẹ náà, ó tẹ ojú rírán rẹ̀ wò pẹ̀lú àtàǹpàkò bó ṣe máa ń ṣe sí aṣọ tí èmi bá rán. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó wo Bọ̀dá Gbóyè, tó dúró sẹ́yìn bàbá mi. Ó wò ó pẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ọwọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ láti di abẹ́rẹ́ mú ni, kò lè ṣì í mọ̀. Ìyá Ìmẹ̀sí dìde, ó ní, “Aṣọ mi ni. Mi ò mọ ẹni tó rán an.”

Ó fi ara rẹ̀ bo Bọ̀dá Gbóyè ni. Lójú gbogbo ènìyàn, ó tún gbé ọmọ náà pọ̀n. Ọmọ náà, ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé, dúró sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ó sì jẹ́ kó pọn òun.

Ìyá mi fi ọmọ odó lélẹ̀. Ó kọjú sí bàbá mi, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, pé, “Bàbá Mojí, ṣé ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ni?” Bàbá mi wọ agbádá funfun lọ́jọ́ náà. Ó ká apá rẹ̀ sórí èjìká lẹ́ẹ̀kan, ó tún ká a lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ẹ jẹ́ ká fi gbogbo rẹ̀ sínú àdúrà. Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn, kò sọ òmíràn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wọ agbádá.

N kò mọ ìgbà tí mo dé ìdí àpótí. Mo fa ẹyẹ náà yọ, mo ń ké pé Bọ̀dá Gbóyè ló rán an, èmi ni mo fi òwú sí abẹ́rẹ́, èmi ni mo fún un láṣọ, mo sì fi ìka ya ojú rírán ikùn rẹ̀. Òwú tú síta, ó bọ́ sílẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ kiri lẹ́sẹ̀ wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Lójú ọmọdé, ìdí nǹkan ti hàn, kí ló tún kù? Ọkùnrin kan tó ń kọ́ wa ní ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òwú náà, ó ní, “Ẹ wo òwú. Ta ló ní òwú nílé yìí?” Gbogbo ojú yí sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí apẹ̀rẹ̀ òwú wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlòmíràn ní ìyá arúgbó ti gba ọkàn ọmọ náà, òun ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá mi gbá mi létí. Ìgbà kan ṣoṣo tó gbá mi létí láyé nìyẹn, òtítọ́ ni mo sì ń sọ.

Wọ́n wọ yàrá rẹ̀. Wọ́n fọ́ òfì náà, wọ́n kó òwú rẹ̀ àti aṣọ tó ń hun lọ́wọ́ síta, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ní oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá a ní òpópónà náà. Ìyá Ìmẹ̀sí kò bá wọn jà. Ó di ẹrù tó kù, kò kún orí. Nígbà tó ń jáde, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀dá Gbóyè, ó sì béèrè bóyá ó ti jẹun. Ìyá mi ló gbé ẹrù náà, ó wọ mọ́tò tẹ̀lé e dé Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sùn síbẹ̀, ó padà lọ́jọ́ kejì. Títí òjò ọdún yẹn fi dáwọ́ dúró, ìyá mi ń gbé oúnjẹ fún bàbá mi láìsọ̀rọ̀. Ọmọ kẹta kú ní òpópónà wa lọ́sẹ̀ kejì tí Ìyá Ìmẹ̀sí lọ. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún wa pé àwọn ṣìnà. Wòlíì náà kó àgọ́ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ó kó ẹyẹ náà dání. Wọ́n ti tún ikùn rẹ̀ rán, n kò sì ní láti béèrè ẹni tó bá a rán an.

Ìròyìn Ìyá Ìmẹ̀sí ti dé Ìmẹ̀sí-Ilé ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ní yàrá kan lẹ́yìn oko kòkó, wọn kò sì jẹ́ kí ọmọ wọn gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ń lọ wò ó, ó ń gbé gààrí àti epo lọ. Ó gbé ọdún méjì, ó kú. Bàbá mi kò lọ síbi ìsìnkú náà. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣe ìdánwò.

Nígbà tí bàbá mi fúnra rẹ̀ kú, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àkọ́bí ni wọ́n ní kí n ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ̀dá Gbóyè àti àwọn àgbà ẹbí ló kọ ọ́. Mo kà á dé ibi tí wọ́n ti ní ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, Ọlọ́run sì tọ́ ọ dàgbà. Mo dúró. Mo ká ìwé náà. Mo sọ fún ìjọ pé obìnrin kan ló tọ́ ọ dàgbà, pé Àdùkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ahunṣọ. Mo ní ẹ̀sùn àjẹ́ ni wọ́n fi lé e jáde kúrò nílé, lórí ẹyẹ tí a fi ọwọ́ rán nínú agbo ilé tiwa, bàbá wa mọ̀, ó dúró níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Mo ní èmi náà wà lára àwọn tó rán an. Àlùfáà ní kí a kọ orin. Wọ́n kọ ọ́. N kò bá wọn kọ ọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, Bọ̀dá Gbóyè dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Irun rẹ̀ ti funfun, ó mú ọ̀pá dání. Ó ní, “Mojí, ó yẹ kó o bo bàbá rẹ láṣìírí.”

Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo wá ní, “Ìyá yín bo ẹ̀yin náà láṣìírí, Bọ̀dá. Ẹ wo ibi tó gbé e dé.”

Ó lọ sábẹ́ ìbòòrùn níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, ó fọ ọwọ́, ó jókòó, ó sì jẹun.